Ọmọ wa gba mẹ́dàlì nínú ṣọ́jà rìsáàfù: kí ni wọ́n torí ẹ̀ fún un gan-an?

Tẹ́ ẹ bá ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ẹ ó ti rí irú ẹ̀ rí. Flex bánà lẹ́bàá títì, fọ́tò ọmọ ìlú kan nínú kákí Amẹ́ríkà tàbí ti ìlú Ọba, rìbọ́ọ̀nù aláràbarà lórí àyà, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ bá wa dúpẹ́, ọmọ wa gba àmì ẹ̀yẹ ìdarí àti ìsìn tó tayọ nínú iṣẹ́ ológun. Ẹ wá bi àwọn ẹbí pé kí ló ṣe, ọ̀kan á ní ogun ló jà, èkejì á ní wọ́n ti sọ ọ́ di jẹ́nẹ́rà, ẹlòmíì á tiẹ̀ bínú pé kí lẹ fẹ́ fi ìbéèrè yẹn ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí lè jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, kó jẹ́ pé ọsibítù ló ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wọ kákí. Ohun ńlá ló ṣe o, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fojú kéré ẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń yìn ín nílé kọ́ ló ṣe, èyí tó ṣe gan-an ò sì yé ẹnì kankan. Ó máa ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Ṣọ́jà rìsáàfù kì í ṣe ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Àwọn bàbá tẹ́ ẹ máa ń rí ní January 15 lọ́dọọdún, tí wọ́n dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú Nigerian Legion, àwọn yẹn ti parí iṣẹ́ tiwọn, fẹ́tíráànì ni wọ́n, ẹni iyì sì ni wọ́n. Àwọn ọmọ tó ń sáré ní káàmpù NYSC ní Ṣàgámù náà kì í ṣe rìsáàfù, ìsìnlú ọdún kan ni tiwọn, látìgbà tí ìjọba ti dá a sílẹ̀ ní 1973, bí wọ́n ṣe ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yẹn ò sọ wọ́n di ṣọ́jà. Civil Defence náà lọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní rìsáàfù ni ẹni tó ní iṣẹ́ tàbí òwò tiẹ̀, tó ń sùn sílé ara ẹ̀, àmọ́ tó ti buwọ́ lùwé pẹ̀lú ìjọba pé ṣọ́jà lòun, tó ń lọ tírénìn lóòrèkóòrè, tí wọ́n bá sì ní ó yá, ó gbọ́dọ̀ gbé báàgì ẹ̀ kó máa lọ.

Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni wíkẹ́ńdì kan lóṣù àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún. Army Reserve wọn bẹ̀rẹ̀ ní April 23, 1908, àwọn dókítà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn dókítà tó ní iṣẹ́ tiwọn nílé àmọ́ tí ológun lè ké sí tí ogun bá dé. National Guard wọn ti pẹ́ jùyẹn lọ, wọ́n ń ka ọjọ́ orí ẹ̀ láti December 13, 1636, ìyàtọ̀ tó sì wà níbẹ̀ ni pé Guard ní ọ̀gá méjì, gómìnà ìpínlẹ̀ lè pè wọ́n jáde tí omíyalé tàbí iná ńlá bá ṣẹlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà sì lè kó wọn lọ sójú ogun. Ní ìlú Ọba, Army Reserve wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Territorial Army títí di 2014, ọjọ́ 27 lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń retí lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tó bá pé e, tó sì yege nínú tírénìn, wọ́n máa ń fún un lówó ẹ̀bùn tí wọn ò ní yọ owó orí lára ẹ̀.

Wọ́n tún máa ń béèrè pé báwo lọmọ wa ṣe débẹ̀, ṣebí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn. Ẹni tó bá ti ní green card lè wọ iṣẹ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà, ó kàn jẹ́ pé kò lè di ọ́físà àfi tó bá ti di ọmọ onílùú. Ní 2008 wọ́n tiẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tó gba àwọn tí ò ní green card pàápàá tí wọ́n bá gbọ́ èdè tí ológun ń wá, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè yẹn. Wọn ò gba èèyàn sínú ẹ̀ mọ́ láti 2016, àmọ́ àwọn kan tó bá a wọlé ṣì wà níbẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì. Oríṣi méjì ló wà, tẹ́ ẹ bá ti lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdajì wàhálà ti tán. Ọ̀kan wà fún ọdún téèyàn lò, ìkejì wà fún ohun téèyàn ṣe. Ẹ wo Òjúde Ọba, gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde lọ kí Ọba, torí ọjọ́ orí ẹ̀ àti bó ṣe ń ṣe déédéé nínú ẹgbẹ́ ló gbé e débẹ̀, àmọ́ oyè tí Ọba bá fi dá ẹnì kan lọ́lá nítorí ohun tó ṣe fún ìlú, ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo ẹgbẹ́, ọwọ́ ẹni yẹn ni wọ́n wò.

Èyí tó jẹ́ ti ọdún, gbajúmọ̀ inú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni Armed Forces Reserve Medal, Ààrẹ Truman ló fọwọ́ sí i ní 1950. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá sìn nínú rìsáàfù láìlábàwọ́n ló ni ín. Wọ́n á fi àwòrán agogo oníyanrìn kékeré sára rìbọ́ọ̀nù ẹ̀, onídẹ ni ti ọdún mẹ́wàá, ti ogún ọdún jẹ́ fàdákà, ti ọgbọ̀n ọdún jẹ́ wúrà. Tẹ́ ẹ bá wá rí lẹ́tà M lára ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n pe ẹni yẹn jáde fún iṣẹ́ gidi, kì í ṣe tírénìn, èyí ò sì dúró de ọdún mẹ́wàá. Ti ìlú Ọba ni Volunteer Reserves Service Medal, láti 1999, ọdún mẹ́wàá náà ni, wọ́n á tún máa fi ìdè irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní clasp kún un ní ọdún márùn-ún márùn-ún.

Ibi tí orúkọ ti ń tan èèyàn jẹ nìyí o, ẹ fara balẹ̀. Mẹ́dàlì kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Army Reserve Components Achievement Medal, òmíràn sì wà tó ń jẹ́ Army Achievement Medal. Téèyàn bá gbọ́ ọ lórí fóònù, á rò pé ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra. Ti àkọ́kọ́, ọdún ni wọ́n ń kà fún un, ọdún mẹ́ta téèyàn fi ṣe olóòótọ́, tó ń wá síbi tírénìn láìpa á jẹ, tí kò sì níwà ìbàjẹ́ lọ́rùn. Ti èkejì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun báyìí báyìí ló ṣe. Èyí tó wà fún ọdún ni wọ́n sábà máa ń kọ síbi bánà pé ìdarí tó tayọ, torí wọ́n rí ọ̀rọ̀ achievement níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú ti ọdún o. Wíkẹ́ńdì méjìlá lọ́dún, lọ́nà mẹ́wàá, ó ti di 120 wíkẹ́ńdì, ẹni tó bá sì mọ ohun tí ọjọ́ Sátidé jẹ́ fún ọmọ Ìjẹ̀bú á mọ̀ pé ohun tí ẹni yẹn yọ̀ǹda ò kéré. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́, ìkómọjáde, gbogbo ẹ̀ ló lè bọ́ sí wíkẹ́ńdì kákí, owó aṣọ ẹbí lásán lá fi ránṣẹ́. Mẹ́dàlì yẹn ń sọ pé ó wá, ó sì ń wá títí. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé ká má pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò lórí ọdún. Àwọn tó wà fún ohun téèyàn ṣe, tẹ́ ẹ bá kà wọ́n látìsàlẹ̀ lọ sókè nínú Army Amẹ́ríkà, Achievement Medal tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981 ló wà nísàlẹ̀, Commendation Medal ti 1945 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Meritorious Service Medal ti 1969, kó tó wá kan Legion of Merit ti 1942 tó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ńlá ló sábà ń gbà á. Rìsáàfù nìkan kọ́ ló ń gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun àtẹni tó ń gbé bárékè ni wọ́n jọ ń du ú, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ìyẹn, torí ẹni tó ń fi wíkẹ́ńdì ṣe é ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìlú Ọba ní ọ̀kan tó jẹ́ ti rìsáàfù nìkan, King's Volunteer Reserves Medal, Queen's ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1999, wọn kì í fún ju èèyàn 13 lọ lọ́dún kan ní gbogbo ilẹ̀ wọn, omi òkun, ilẹ̀ àti òfuurufú pa pọ̀. Tí ọmọ yín bá gba ìyẹn, ẹ pa màlúù.

Kí ni wọ́n wá ń pè ní ìdarí tó tayọ níbi téèyàn ò ti bá ọ̀tá pàdé? Sájẹ́ǹtì tó wà ní bárékè ń rí àwọn ọmọ ẹ̀ láràárọ̀, ó mọ ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, ó mọ ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Sájẹ́ǹtì rìsáàfù, ọjọ́ méjì lóṣù ló ń rí wọn, lẹ́yìn náà kálukú á fọ́n ká, ọ̀kan á padà sídìí tírélà tó ń wà, ọ̀kan á padà sí yunifásítì, ọ̀kan ti pàdánù iṣẹ́ láàárín oṣù, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, ìbọn yíyìn wà, ìdánwò eré sísá wà, kíláàsì wà, ìwé eyín àti ìwé ìlera wà, torí ẹni tí fáìlì dókítà ẹ̀ ò bá pé, wọn ò lè kó o lọ síbì kankan. Tí ìwé ìpè bá wá dé pé kí yúnìtì yẹn múra, kò sáyè àtiṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá eyín tó ń dun ẹnì kan. Gbogbo ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n wà ní sẹpẹ́, àárín oṣù lẹnì kan ti ń ṣe é, lálẹ́, lórí fóònù, lẹ́yìn tóun náà ti ti ibi iṣẹ́ tiẹ̀ dé, lọ́pọ̀ ìgbà wọn ò sì sanwó wákàtí yẹn fún un. Ó ń pe lágbájá pé o ò wá lóṣù tó kọjá, kí ló ṣẹlẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá a gba ìyàwó ṣọ́jà tó wà lókè òkun nímọ̀ràn lórí owó ilé, ó ń kọ́ ọmọdé ṣọ́jà bó ṣe máa múra fún ìdánwò ìgbéga. Èmi ò mọ ìdarí tó jùyẹn lọ. Ẹni tó lágbára lórí èèyàn lójoojúmọ́, ó rọrùn fún un láti pàṣẹ, àmọ́ ẹni tí àwọn tó ń darí lè gbàgbé ẹ̀ fún ọjọ́ 28, tí wọ́n sì ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, wọ́n gba tiẹ̀ gidi ni.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ àárín oṣù yìí ò hàn sójú ọ̀gá. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ò sí lórí fóònù yẹn lálẹ́. Mẹ́dàlì sì rèé, tí wọn ò bá kọ ọ́, kò sí. Nínú Army Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní DA Form 638, ẹni tó fojú ara ẹ̀ rí ohun tí ṣọ́jà náà ṣe ló máa kọ ọ́, èèyàn ò gbọ́dọ̀ kọ ti ara ẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn á gòkè lọ láti ọ̀gá dé ọ̀gá, Lẹ́fútẹ́nà Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ń darí yúnìtì lè buwọ́ lu Achievement, Commendation ń fẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì, Meritorious Service ń fẹ́ jẹ́nẹ́rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì láṣẹ láti gbà á, láti sọ ọ́ kalẹ̀ sí mẹ́dàlì tó kéré jùyẹn, tàbí kó dá a padà.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dá a padà jù ni ìwé tó kún fún ìyìn tí kò sóhun kan pàtó nínú ẹ̀. Tẹ́nì kan bá kọ ọ́ pé sájẹ́ǹtì yìí jẹ́ olùfọkànsìn, òṣìṣẹ́ kára, ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kò lè gbà á débì kankan. Àmọ́ ká sọ pé ó kọ ọ́ pé nígbà tó gba ẹ̀ka yẹn, ìdajì wọn ni ìwé ìlera wọn ò pé, láàárín oṣù mẹ́fà gbogbo wọn ti pé, nígbà tí wọ́n sì pè wọ́n jáde kò sẹ́nì kankan tó kù sílé nítorí ìyẹn, ọ̀gá tí kò rí ẹni yẹn rí á mọ ohun tó ṣe. Báwo lọ̀rọ̀ ṣe wà, kí ló ṣe sí i, kí ló yí padà, kò jùyẹn lọ. Nítorí náà ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ lóṣooṣù, ọ̀gá yín tó fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù fún yín, iṣẹ́ lòun náà ń lọ, kò lè rántí ohun tẹ́ ẹ ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá náà, ẹ kọ tàwọn ọmọ abẹ́ yín. Ìjẹ̀bú mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó, ẹ jẹ́ ká fi kọ ti iṣẹ́ èèyàn náà.

Ìsìn àdúgbò náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, Military Outstanding Volunteer Service Medal, láti 1993, fún ṣọ́jà tó ń ṣèrànwọ́ ní ìlú láìgbowó, àwọn tó ń kọ́ ọmọ níwèé lẹ́yìn iléèwé, tàbí tí wọ́n ń pín oúnjẹ fún aláìní. Èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ́, oúnjẹ tẹ́ ẹ bá wọn pín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà Kérésì ò kà.

Ti ojú ogun náà wà, mi ò gbàgbé. Obìnrin kan ń bẹ, Leigh Ann Hester, National Guard ìpínlẹ̀ Kentucky, ọmọ ọdún 23 ni nígbà yẹn, tó bá bọ́ kákí mánájà ṣọ́ọ̀bù bàtà ni. Ní March 20, 2005, ní Iraq, nítòsí ìlú kan tó ń jẹ́ Salman Pak, àwọn agbébọn dènà de àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí yúnìtì ẹ̀ ń ṣọ́. Ó kó àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí wọn, òun àti ọ̀gá ẹ̀ Timothy Nein jọ wọ inú kòtò tí wọ́n fara pamọ́ sí. Silver Star, mẹ́dàlì ìgboyà lójú ogun, ni wọ́n fún un, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á látìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nein náà, Silver Star ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, wọ́n wá tún ìwé ẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n gbé e lọ sí Distinguished Service Cross tó ga jùyẹn lọ. Ọkùnrin kan náà, ọjọ́ kan náà, ohun tó ṣe ò yí padà, ìwé tí wọ́n tún gbé yẹ̀ wò ló gbé e sókè. Ẹ rí i báyìí pé ohun tí mò ń sọ nípa kíkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàkì lásán.

Àwọn ẹbí tún máa ń da póòǹtì tí wọ́n ń kà fún rìsáàfù ní Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ mẹ́dàlì, póòǹtì wà fún pẹ́ńṣàn. Wíkẹ́ńdì kan jẹ́ póòǹtì mẹ́rin, ọdún kan á jẹ́ 48, ẹ fi 15 kún un torí pé orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ fi bíi 15 míì kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó ti di bíi 78. Àádọ́ta ló ń sọ ọdún di ọdún rere, ogún ọdún rere ló ń di pẹ́ńṣàn, tí wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í san tí èèyàn bá pé ọgọ́ta ọdún. Mẹ́dàlì ò fi kọ́bọ̀ kún un ní tààrà, ó kàn máa ń ṣèrànwọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní ìgbéga.

Àwọn tó gba ṣọ́jà síṣẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyìn, ìjọba wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka kan wà láti 1972 tí wọ́n ń pè ní ESGR, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rìsáàfù àtàwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́, tí rìsáàfù bá rí i pé ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ń ṣe dáadáa sí òun, kò bínú sí wíkẹ́ńdì kákí, kò fi ẹlòmíì rọ́pò òun nígbà tí wọ́n pe òun lọ, ó lè fi orúkọ ọ̀gá yẹn sílẹ̀ fún Patriot Award, ọkọ tàbí ìyàwó ṣọ́jà náà sì lè fi orúkọ ọ̀gá yẹn sílẹ̀. Òfin tí wọ́n ń lò báyìí, tó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ tí ṣọ́jà náà fi sílẹ̀ padà fún un tó bá dé, wà láti 1994, àmọ́ òfin ò lè mú kí ọ̀gá máa pe ìyàwó ṣọ́jà náà béèrè àlàáfíà nígbà tí ọkọ ẹ̀ kò sí nílé. Ìlú Ọba náà ń fún ilé iṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àmì onídẹ, fàdákà àti wúrà. Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ ní ilé ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀, tẹ́ ẹ sì gba rìsáàfù síṣẹ́, tiyín nìyẹn, ẹ béèrè.

Tó bá jẹ́ pé ẹni náà ti kú ńkọ́, tàbí ó ti dàgbà, tí mẹ́dàlì ẹ̀ ò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́? Fáìlì àwọn tó ti kúrò nínú ológun Amẹ́ríkà wà ní St. Louis, ẹbí tó sún mọ́ ọn lè kọ̀wé síbẹ̀. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé iná ńlá jó ibẹ̀ ní July 12, 1973, tó run ìwé tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18, nítorí náà tí wọ́n bá ní àwọn ò rí ti bàbá àgbà, kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Ẹ má sì gbà pé dandan ni kí rìsáàfù ní DD-214, ìyẹn ìwé ìjáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìwé yẹn wà fún ẹni tí wọ́n pè sí iṣẹ́ gbogbo ìgbà fún àkókò gígùn, ẹni tó jẹ́ pé wíkẹ́ńdì nìkan ló ṣe títí ó fi kúrò lè má ní in, kì í sì ṣe jìbìtì. Fún mẹ́dàlì tí àkókò ti kọjá lórí ẹ̀, ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín ní Congress lè ní kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò.

Kẹ́ ẹ tó wá lọ tẹ bánà lọ́dún yìí, ẹ ní kí ọmọ ya fọ́tò sàtífíkéètì ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kì í ṣe fọ́tò tó ti wọ kákí, sàtífíkéètì gan-an. Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FOR, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tó ṣe sí, ìlà mẹ́ta mẹ́rin ni. Ẹ fi orúkọ mẹ́dàlì náà sórí bánà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ fi ipò ẹ̀ sí i bó ṣe wà, sájẹ́ǹtì ni sájẹ́ǹtì ń jẹ́, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀gágun. Kẹ́ ẹ wá fún ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kó tú ìlà mẹ́rin yẹn, kí wọ́n kà á sókè fún ìyá ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kóun náà gbọ́ ohun tọ́mọ òun ṣe.